Ṣúgà Díẹ̀ Ni Mo Ní

Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, Verdell Pettway jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé iṣẹ́ ẹja, ó pe nọ́ńbà tí ìjọba ìbílẹ̀ gbé jáde fún àyẹ̀wò kòrónà. Wọ́n bi í ní ìbéèrè méje. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀, kò parọ́ ẹyọ kan. Òtítọ́ tó sọ ló dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Iantha, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ dàgbà, kò gbọ́ nípa ìpè náà títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé. Ó wà ní ìdí ààrò, ó ń ro ọkà àgbàdo funfun tí àǹtí rẹ̀ fẹ́ràn, nígbà tó gbọ́ tí mọ́tò dúró, tó gbọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, tí kò sì gbọ́ ẹsẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú ilé wọn. Àǹtí Verdell gun ọ̀kan, ó di ọ̀pá ìgbámú mú, ó dúró. Ó gun èkejì, ó tún dúró, ó wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò á rọ̀.

"Àǹtí, ikọ́ yìí ti di ọjọ́ mélòó?"

"Ikọ́ wo? Ọ̀fun ló ń yún mi. Ta ló máa dúró nínú yìnyín ilé iṣẹ́ yẹn tí ọ̀fun rẹ̀ ò ní yún un?"

"Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré lẹ gùn, ẹ sinmi lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìwọ náà ṣáà pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ná, ká wá wò ó bóyá wàá máa fò ó bí ewúrẹ́."

"Mo fẹ́ kí ẹ pe nọ́ńbà àyẹ̀wò."

"Mo ti pè wọ́n." Àǹtí Verdell rọra jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rọ́bà rẹ̀. "Láti Sátidé. Wọ́n ní mi ò yẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọbìnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ mọ̀wà gan-an, ó pè mí ní 'mà' ní ìgbà mẹ́rin."

"Kí ló bi yín?"

"Ó ní ṣé mo ti lọ sí òkè òkun láìpẹ́. Mo ní ọmọ mi, Memphis ni mo lọ kẹ́yìn, òkú la lọ sin, ó sì ti di ọdún kẹta. Ó ní ṣé mo ti pé ọdún márùnlélọ́gọ́ta. Mo ní má tíì mú mi dàgbà. Ó wá ní ṣé dókítà ti sọ fún mi rí pé mo ní àtọ̀gbẹ. Mo ní rárá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣúgà díẹ̀ ni mo ní."

Iantha pa iná tó wà lábẹ́ ìkòkò.

Kò sí ẹni tí kò mọ ṣúgà ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn lẹ́bàá odò Mississippi. Ṣúgà dà bí ewú orí: ẹni tó bá kọjá ogójì ọdún ń retí rẹ̀. Ìyá Verdell ní ṣúgà, ó sì pẹ́ láyé. Olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣúgà, ohùn rẹ̀ ò já. Àtọ̀gbẹ yàtọ̀. Àtọ̀gbẹ ni èyí tí dókítà sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Rufus, ọkọ Verdell, ní Ọjọ́rú kan. Kí ọdún náà tó yí po, wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti gé ẹsẹ̀, wọ́n ti gé e dé orúnkún, wọ́n sì ti sin ìyókù. Àrùn kan ṣoṣo ni. Orúkọ méjì ló ní, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà tiwa kì í ti í pe ejò lórúkọ lóru, tí wọ́n ń pè é ní okùn ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ṣọ̀pọ̀ná ní ilẹ̀ gbígbóná kò ní bi Verdell léèrè ìdí.

Iantha mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn ún dé egungun nìyẹn. Ó ti gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Jackson lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó sì rí lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ fún un ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn: kó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé àǹtí rẹ̀, kó gbé gbohùngbohùn sétí, kó máa bi àwọn olùpè ní ìbéèrè méje kan náà. Àṣẹ tí wọ́n kọ sókè fọ́ọ̀mù kò gùn: Ẹ má ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ olùpè. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, èèyàn mọ́kànlélógójì ti sọ fún un pé rárá, ṣúgà díẹ̀ làwọn ní. Kò sí ibi tó kọ iye náà sí. Orí rẹ̀ ni kì í jọ̀wọ́ ohun tó bá ṣe é kà. Mọ́kànlélógójì ni, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ "bẹ́ẹ̀ kọ́" fún gbogbo wọn. Ọwọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Etí tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn gbọ́ ọ, ó sì dákẹ́.

"Àǹtí, ṣúgà ni àtọ̀gbẹ."

"Èmi ò ní in."

"Oògùn funfun tí ẹ ń lò láàárọ̀, tí ẹ ń gé sí méjì kó lè pẹ́, oògùn kí ni?"

"Oògùn ṣúgà."

"Kí ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀?"

"Mi ò kì í ka ara ìgò. Jésù ò ka ara ìgò fún afọ́jú kó tó là á lójú." Ikọ́ gbé e. Nígbà tó kúrò lára rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó sì fi ọwọ́ lé àyà. "Gbọ́, Iantha. Ẹnu la fi ń ṣí ilẹ̀kùn fún àìsàn. Rufus gbà á. Ó jókòó níwájú dókítà yẹn, ó ní 'bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo ní in.' Mo ń gbọ́. Èmi ò gbà á. Kì í ṣe tèmi, mi ò bá a pàdé, kò mọ ilé mi."

Iantha bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣirò bá a sọ̀rọ̀. Ó sọ iye èèyàn dúdú tó wà nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ wọn, àti iye wọn nínú ọgọ́rùn-ún òkú. Nọ́ńbà kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ lọ́nà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ kó sì máa jẹun lọ.

"Èyí wá burú ná," ni Àǹtí Verdell wí. "Ní oṣù kejì, Pinkie ibi iṣẹ́ wa ní àìsàn yìí kì í mú aláwọ̀ dúdú. Ó ní òun kà á lórí fóònù. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. A ní ó tó àkókò, ó yẹ kí àìsàn kan fi tiwa sílẹ̀."

"Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa."

"Kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa?"

"Wọn ò tíì mọ̀. Wọ́n ṣáà mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni."

Àǹtí Verdell rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Iantha wo ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ọwọ́ tó ti ń la ẹja àrọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò lè tẹ̀ dáadáa mọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ náà, nítorí òun náà ṣe é ní ìsinmi kan. Obìnrin mẹ́rìnlélógún ló ń dúró níwájú bẹ́líìtì tó ń gbé ẹja bọ̀, èjìká kan èjìká. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé tó o bá fẹ́ sọ fún ẹnì kejì rẹ pé ọ̀bẹ rẹ ti kú, o ní láti gbé ẹnu lé e létí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọrin: ẹnu sí etí, láti òwúrọ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan gba àmì kan, àìsàn ni o, òkú ni o. Àmì mẹ́fà, wọ́n á lé ọ, o ti di ará ilé. Verdell ní márùn-ún. Ilé ìwòsàn ìlú náà ti kógbá wọlé láti ọdún kẹta. Èyí tó kù wà ní ogójì máìlì síbẹ̀, kò sì sí bẹ́ẹ̀dì fún ẹni tí wọn ò bá yẹ̀ wò. Kò sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àǹtí Verdell jí, kò lè parí gbólóhùn kan láì mí sí àárín rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń wá bàtà rọ́bà rẹ̀.

Iantha ti gbé bàtà náà pamọ́. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè pè fún un. Òfin ni pé ohùn aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́, wọ́n sì ń gbà á sílẹ̀. Kò lè gba ìpè náà pẹ̀lú. Òfin ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dá ẹbí rẹ̀ lóhùn. Gbogbo ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí obìnrin yìí ti pinnu pé òun kò ní fi ẹnu òun sọ kí òun tó kú.

Ní alẹ́ àná ó ti rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó sì ti ka ìbéèrè kẹta náà bí ẹni tí kò rí i rí.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọn ò ní ṣé ẹ ní in."

"Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n ní, 'Ǹjẹ́ dókítà ti sọ fún yín rí pé ẹ ní in?' Ohun tí dókítà sọ ni wọ́n ń bèèrè. Wọn ò bèèrè ohun tí ẹ gbà."

Àǹtí Verdell wò ó. Ó mí. Ó tún mí.

"Dókítà Abbott sọ ọ́," ló wí níkẹyìn. "Òmùgọ̀ ni."

"Òmùgọ̀ ni, mà. Ṣé ó sọ ọ́?"

"Ó sọ ọ́ létí mi."

"Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ tí Sátánì sọ nínú Jóòbù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé ó ti gbà pẹ̀lú Sátánì?"

"Èmi gan-an ni mo kà á ní oṣù kìíní." Ojú rẹ̀ là díẹ̀. "Ẹ̀rí ni mo kàn ń jẹ́ nígbà náà."

"Ẹ̀rí lẹ kàn ń jẹ́."

"Gbé fóònù yẹn wá, kí èmi tó tún inú rò."

Iantha ṣí ohùn fóònù síta; ọkùnrin ló gbé ìpè náà. Iantha mọ ohùn rẹ̀, wọ́n jọ gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan ni. Preston ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti apá àríwá ìpínlẹ̀ náà. Ó bi ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó bi ìkejì. Iantha di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ìkẹta, mà. Ǹjẹ́ dókítà ti sọ fún yín rí pé ẹ ní àtọ̀gbẹ?"

"Dókítà kan sọ bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí Verdell wí. "Èmi ò gbà á o. Mo fẹ́ kí o kọ ìyẹn sílẹ̀."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn, mà, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Mo ní ó sọ ọ́."

"Ẹ má bínú, mà. Kọ̀ǹpútà yìí ò gbà ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ."

"Ọmọ mi, ta ni ìyá rẹ?"

"Mà?"

"Tí dókítà bá sọ fún ìyá rẹ pé òpònú lo jẹ́, ṣé ó ti di bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn? Ó sọ ọ́ ni. Ó sọ ọ́, ó sọ ọ́, ó..." Ikọ́ náà gbé e lọ. Ó pẹ́. Iantha nawọ́ sí fóònù, ó fa ọwọ́ padà. Bí òun bá sọ̀rọ̀, wọn á fagi lé ìpè náà. Ó fi ọwọ́ lé ẹ̀yìn àǹtí rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, ó ń gbọ́ bí egungun ibẹ̀ ṣe ń gbọ̀n.

Nígbà tí Preston tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kúrò lórí fọ́ọ̀mù. "Mà, ẹ kàn sọ ọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Verdell Pettway wí. "Ó sọ ọ́."

Pápá ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ti ń yẹ èèyàn wò, láàárín àwọn ọgbà màlúù tó ṣófo. Wọ́n ní kí Verdell dé ní aago méjì. Nọ́ọ̀sì kan tó wọ aṣọ bí ẹni tó fẹ́ fa oyin ti òwú bọ ihò imú rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe ń mí, ó wo "bẹ́ẹ̀ ni" tó wà lórí ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì dúró de èsì. Ó pe ọkọ̀ aláìsàn. Wọn ò jẹ́ kí Iantha wọ̀ ọ́. Àǹtí rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó tọ́ka sí bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bàtà inú ilé, ó sì mi orí bí ẹni tí ojú ń tì.

Dókítà tó pè ní Ọjọ́rú jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti gbàgbé oorun. Ó ní kòrónà ni. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ti gbọgbẹ́, àwọn ti fún un ní afẹ́fẹ́, àwọn sì ń retí. Ó ní, "Ẹ ní láti mọ̀ pé àtọ̀gbẹ wọn ti le. Ìdí nìyẹn tó fi mú wọn tó báyìí. Bó ṣe máa ń rí láàárín àwọn èèyàn yín nìyẹn."

"Dókítà," ni Iantha wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí omi inú àwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Ní Sátidé, àtọ̀gbẹ yìí kan náà kéré ju kí wọ́n tìtorí rẹ̀ ti òwú kan bọ̀ wọ́n nímú. Lónìí, ó ti tóbi tó láti jẹ́ ìdí tí wọ́n fi lè kú. Ọjọ́ wo ló dàgbà?"

Ó gbọ́ ẹ̀rọ kan tó ń dún lẹ́yìn dókítà náà.

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti pè tẹ́lẹ̀," ló wí.

"Wọ́n pè. Wọ́n dá wọn padà. Wọ́n lọ dúró láàárín obìnrin méjì, èjìká kan èjìká, fún wákàtí mẹ́wàá ní Sátidé àti mẹ́wàá ní Ọjọ́ Ajé. Ṣé ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀?"

"Fọ́ọ̀mù yìí..." Iantha gbọ́ ìró ìwé. "Ó bèèrè ìwọ̀n ara. Ó bèèrè ẹ̀yà. Ó bèèrè ṣé wọ́n ń mu sìgá. Kò bèèrè iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ wo ni? Màá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́."

Iantha pe lẹ́tà orúkọ ilé iṣẹ́ náà fún un níkọ̀ọ̀kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdúpẹ́ náà sì ti ọkàn wá. Ẹni tó ti kọ́ láti bínú láìpariwo mọ ẹni tí kò yẹ kó bínú sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó pe ọ̀gá rẹ̀, Mísíìsì Crenshaw, ó ní òun fẹ́ pe èèyàn mọ́kànlélógójì padà.

"Ìdáhùn wọn ti wọ inú àkọsílẹ̀, Iantha."

"Ìbéèrè ni kò wọ inú etí wọn, mà."

"A ò lè máa bá èèyàn tún ìdáhùn rẹ̀ ṣe. Ojúṣe olúkúlùkù ni kó mọ àìsàn ara rẹ̀." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà tútù. Kò sí ẹni tó ń hùwà burúkú nínú iṣẹ́ náà. Ìwà tútù ni wọ́n fi ń ṣe é.

Láti aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán ọjọ́ náà, Iantha ń ka ìbéèrè kẹta bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kún un: "Ṣúgà náà ńkọ́?" Olùpè mẹ́rìnlá ló bi. Mẹ́sàn-án ní, "Áà, ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni." Ní aago mẹ́ta, fóònù rẹ̀ ò dún mọ́. Ìwé tó tẹ̀ lé e ní kó dá gbohùngbohùn padà.

Fóònù ilé ló dún ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì.

"Iantha." Ohùn náà gbẹ, ó ń wá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀gá ni. "Wọ́n ti yọ ìbòjú afẹ́fẹ́ tó tóbi yẹn kúrò lójú mi. Ọmọ kékeré tó jẹ́ dókítà níbí ní màá padà sílé. Ó ní kì í ṣe lọ́la o, ṣùgbọ́n màá padà."

Iantha jókòó sórí ilẹ̀ ibi tó dúró sí.

"Má sunkún, mi ò ní èémí tí màá fi bẹ̀ ọ́. Ta ló ń dúró lápá ọ̀tún mi?"

"Pinkie Ruffin, mà."

"Nígbà tí ọ̀bẹ mi kú ní Ọjọ́ Ajé, ta ni mo gbé ẹnu lé létí?"

Iantha ti ń wá nọ́ńbà Pinkie.

"Pè é, kí o so wá pọ̀ kí n máa gbọ́."

Pinkie gbé e ní ìdún àkọ́kọ́. "Verdell! Wọ́n ní o ti kú!"

"Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣé o ń wúkọ́?"

"Díẹ̀díẹ̀. Mo pè wọ́n lánàá, wọ́n ní mi ò yẹ."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Òótọ́ ni mo sọ. Mo ní ṣúgà díẹ̀ ni mo ní."

"Ṣé dókítà ti sọ orúkọ kejì yẹn fún ọ rí?"

Ẹ̀rín tó wà lóhùn Pinkie lọ. "Verdell, ṣé o ti wá gbà á ni? Ìwọ? Lẹ́yìn Rufus?"

"Mi ò gbà á. Mi ò ní gbà á láé." Ó mí, ó mí, ó tún mí, kò sì sí ẹni tó kán an lójú. "Ó sọ ọ́ àbí kò sọ ọ́?"

Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ nílé Pinkie. Ẹnì kan pa á.

"Ó sọ ọ́," ni Pinkie wí. "Lọ́dún tí odò kún wọ ilé wa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Tún pè wọ́n báyìí. Mú gègé. Iantha, ka nọ́ńbà náà fún un."

Iantha kà á, nọ́ńbà kan lẹ́yìn ìkejì, ó ń dúró kí Pinkie pè é padà. Wọ́n dé ìkeje nígbà tí ikọ́ mú Pinkie. Àwọn méjèèjì dúró dè é. Nígbà tó tán, Iantha tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àkọ́kọ́.